Bọ́tìnnì Méjì Tí Kò Lórúkọ

Ọjọ́ tí Saheed Ọláògún kọ́kọ́ fojú kan Jamilah, ẹ̀rín ló bá a tó ń rín. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì nínú ọ́fíìsì kékeré kan tó kọjú sí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń sáré lórí kọ̀ǹpútà bí òjò wẹliwẹli lórí páànù. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé ìbòrí aláwọ̀ ojú ọ̀run tó wà lórí rẹ̀. Kò wo ìka rẹ̀. Kò wo Saheed tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé ló kọjú sí, bí ẹni pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lórí omi lọ́hùn-ún.

Saheed dúró. Ìkòròdú ló ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku ọ̀nà Ìtòìkín sì ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fara balẹ̀ lọ̀ jẹ́. Bí ọmọbìnrin náà ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà dúró sófuurufú. Jamilah tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.

"Sisí, ẹ̀yin ni mo ń kí," ni Saheed wí. Ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ojú náà kò balẹ̀ sí i lára, apá òsì rẹ̀ ló yà sí. "Ẹ má bínú, sà. Mo gbọ́ ìró bàtà yín, mo rò pé ẹni tó ń gbé omi wá ni. Ẹ ò sọ̀rọ̀ ni. Mi ò ríran."

Saheed fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kì í bọ àpò bí ọwọ́ tó jalè. Ìtìjú àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé èyí tó kéré jù ni nínú ohun tí ojú òun máa rí nínú ilé náà.

"Èmi ni wọ́n ní kó wá ṣe wẹ́ẹ̀bù fún ẹgbẹ́," ó wí jẹ́jẹ́.

"Háà, onífótò láti Ìkòròdú. Àlháàjì ní kò sẹ́ni tó ń fi fótò dárà bíi tiyín." Jamilah na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Àga wà níbẹ̀ yẹn, àyàfi tí ẹnìkan bá ti gbé e."

Ọdún 2007 lèyí ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Àgbájọ Ọmọ Ọ̀sà ló ni ọ́fíìsì náà. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tí ayé yẹ ló dá a sílẹ̀ láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Lọ́dọọdún, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́dọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ẹlòmíì á sì wọkọ̀ ojú omi láti abúlé tó wà lódìkejì ọ̀sà. Ìdí nìyí tí alága wọn, Àlháàjì Abọ́dúnrìn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, fi ní kí wọ́n ṣe ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí kálukú lè kọ fọ́ọ̀mù níbi tó bá wà.

Jamilah ló ń gba fóònù níbẹ̀, òun ló sì ń tẹ lẹ́tà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa pé mẹ́rìndínlógún, ó ti ṣú tán. Ó lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó kọ́ ìwé títẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń lò máa ń sọ̀rọ̀: ó ń ka ohun tí wọ́n bá kọ sójú rẹ̀ síta, ó sì ń pe orúkọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kí Jamilah tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn òyìnbó tó ń ránmú ni. Jamilah sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Imú.

Ní ti Saheed, ọmọ Ìgbògbò ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù agẹrun ní Ìtamàgá, tó ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Èèyàn lè fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwà kan wà lábẹ́ ọwọ́ dídùn náà. Lẹ́tà lásán kì í wù ú, nítorí náà ṣe ló máa ń ya ọ̀rọ̀ bí àwòrán, láti orí àkọlé títí dé bọ́tìnnì, kò sì ní kọ ohunkóhun sẹ́yìn àwòrán náà tí ẹ̀rọ lè kà. Bó bá rí ohun tó wù ú lórí ìkànnì ẹlòmíì, á dà á kọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀, kò ní béèrè ohun tó wà fún. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí oníbàárà bá pè pé nǹkan kan ò ṣí, èsì kan náà ló ní: "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi o." Èyí tó wá burú jù ni pé ó máa ń ní òun ti ṣe ohun tí òun kò tíì ṣe, ó gbà pé òun á sáré ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Títí di ìgbà tí à ń wí yìí, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Iṣẹ́ tó yẹ kó gbé e dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta gbé e débẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ yìí, ó wá ya fótò ọ́fíìsì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó wá béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.

"Àwọ̀ wo ni kí n lò?" ó bi Jamilah, ló bá gé ètè jẹ.

Jamilah rẹ́rìn-ín. "Mo rántí àwọ̀ dáadáa. Ẹ lo búlúù, irú èyí tí ọ̀sà máa ń ní bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jáde lọ wò ó."

Saheed jáde lóòótọ́. Oòrùn ń ràn ganrínganrín, kò sí òjò kankan, síbẹ̀ ó dúró létí omi títí Jamilah fi mú ọ̀pá rẹ̀, tó wá bá a níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò tíì rí i. Màá tún padà wá wò ó."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Jamilah wí.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Tí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ rìn lọ síbi tí bàbá Jamilah ń so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́. Jamilah á gbóòórùn ẹja nínú agbọ̀n, á sọ irú èyí tó jẹ́. Saheed kọ́ oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ó sì ń pè é bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò.

"Àbẹ̀kẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kò sí wẹ́ẹ̀bù tó ń gba oṣù mẹ́rin, Onífótò mi." Ó yíjú sí i. "Ṣé o ti sọ nípa mi fún màmá rẹ?"

"Mo ti sọ fún un," ni Saheed dáhùn. Kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Tìrìmísíyù, bàbá Jamilah, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Apẹja ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Lọ́jọ́ tí Saheed wá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó wò ó títí, ó ní: "Ẹlòmíì, tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Ọmọ mi ò ní ìyẹn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ní. Má fi ọ̀rọ̀ ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Rárá o, bàbá," ni Saheed wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ìkànnì náà jáde. Gbogbo ẹgbẹ́ ló yìn ín. Nígbà tí àwọn àgbà ti lọ tán, Jamilah fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Imú ka iṣẹ́ àfẹ́sọ́nà òun fún òun.

"Àwòrán," ni ẹ̀rọ náà wí. "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì."

Jamilah ń retí kó tún sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Saheed, kí ló wà níbí?"

"Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lókè. Àlàyé wà lábẹ́ rẹ̀."

"Kò kà á fún mi. Bọ́tìnnì méjì yìí ńkọ́?"

"Ọ̀kan ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Èkejì ń pa gbogbo ohun téèyàn kọ rẹ́."

"Èwo ló ń ṣe èwo?"

"Àwòrán wọn ò jọra," ni Saheed bẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí rẹ̀.

"Ta ló tiẹ̀ máa jókòó kọ fọ́ọ̀mù tán kó wá fẹ́ pa á rẹ́?"

Ibi tí Saheed ti da fọ́ọ̀mù náà kọ ni bọ́tìnnì náà ti bá a wá, kò bi ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Jamilah ò bínú. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú. "Bá mi yọ èyí tó ń pa nǹkan rẹ́ kúrò. Kí o sì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwọn tó kù, Onífótò mi, kí èmi náà lè lò ó."

"Lọ́sẹ̀ yìí ni màá ṣe é," ni Saheed wí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ń dúró dè é ní Ìtamàgá, àwòrán tó gé sórí ìkànnì náà sì lé ní ogójì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwọn àwòrán òkè, ó kọ ọ́ sí àwọn àyè tí èèyàn ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí. Ó ku àwọn bọ́tìnnì. Oníbàárà kan kanlẹ̀kùn. Nígbà tí onítọ̀hún fi máa lọ, Jamilah pè.

"Ṣé o ti ṣe é?"

"Mo ti ṣe é, Àbẹ̀kẹ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ," ni Jamilah wí. Àdúrà náà gún Saheed láyà. Ó ní tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun á parí rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè wá, ó lọ, kò rántí mọ́.

Saheed ò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí Jamilah ń dá rò. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ fẹ́ rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta, síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú bí wọ́n ṣe lè kọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Jamilah fẹ́ lọ. Ó mọ àwọn ọmọdé mẹ́rin ní Ẹ̀pẹ́ tí wọn ò ríran, tí wọ́n jókòó sílé láìkọ́ nǹkan kan. Kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sọ fún Saheed, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ kí orúkọ òun dé iwájú ìgbìmọ̀ bíi ti ẹlòmíì, láti ọwọ́ òun fúnra òun.

Ọ̀sán ọjọ́ méjì gbáko ló fi kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Imú ń pe orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan fún un, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọkùnrin tó kọ wọ́n síbẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ náà ní, "Bọ́tìnnì." Kò pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jamilah ronú pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù, nítorí Saheed ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun gbogbo pa lọ́lọ́. Ó tọrọ àlùbáríkà fún ara rẹ̀, ó dìde.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n pe Saheed láti wá ṣí àwọn fọ́ọ̀mù náà fún wọn. Jamilah wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Àlháàjì Abọ́dúnrìn wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ti Ìbàdàn, ẹyọ ọ̀kan ló wọlé. Mubashir lorúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bá a kọ ọ́."

Ọwọ́ Jamilah dúró. "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ tún wò ó. Méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi náà kọ."

Wọ́n tún wò ó. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà fa kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ra. "Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ yìí o. Ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, ọ̀kan ń pa á rẹ́. Èyí tó ń pa á rẹ́ ló ti tẹ̀. Ẹ ò lè bá a wí. A ṣáà mọ̀ pé kò ríran."

"Méjì?" ni Jamilah béèrè.

"Méjì ni, ọmọ mi."

Jamilah yí ojú sí ibi tí Saheed jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí ojú náà ò yà sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Òun gan-an ló dojú kọ. Ó ń dúró dè é.

Saheed mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Gbólóhùn kan péré ni. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú àwọn àgbà tó yìn ín lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí orúnkún. Agogo ara ògiri ń ró. Ó dákẹ́.

Jamilah dúró títí kò fi sí ìdí láti dúró mọ́. Ó wá kọjú sí Àlháàjì. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ má bínú pé mo fi àkókò yín ṣòfò." Ó tún gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀.

Bí Saheed ṣe dé Ìgbògbò lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi Saheed ṣẹ̀sín, ohun tó sì ń pa á gan-an nìyẹn. Àwọn èèyàn ń kí i ládùúgbò, ó ń dáhùn, ó sì ń ṣe é bíi pé orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Ó pe Jamilah, kò gbé e. Ó tún pè. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, kò pè mọ́.

Kúbúrátù, ìyá rẹ̀, rí i pé kò jẹun. Ó jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. "Saheed, kí ló dé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́, ó sọ pé kò ríran, pé ìdí nìyẹn tóun fi ń fi í pamọ́ fún un láti ọdún tó kọjá. Ó sọ ti bọ́tìnnì. Ó sọ bí òun ṣe jókòó tí wọ́n di ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò pariwo.

"O rò pé màá ní kò ríran," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ tí o ríran, kí lo fi ojú tìrẹ ṣe?"

Saheed bo ojú náà. Ó sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ kejì ló lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó bá Jamilah lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. "Jamilah, èmi Saheed ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò parí iṣẹ́ náà. Èmi ni mo—"

"Mo mọ̀," ni Jamilah wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ní méjì ni mo ti mọ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kí o wá sọ ọ́ fún."

Òótọ́ ni. Saheed bẹ Àlháàjì Abọ́dúnrìn kó pe ìgbìmọ̀ jọ, nígbà tí wọ́n sì jókòó, ó kúnlẹ̀ láàárín ilé. Ó sọ fún wọn pé Jamilah kọ fọ́ọ̀mù náà, pé kò ṣe àṣìṣe kankan, pé òun ló ní òun ti yọ bọ́tìnnì kan tóun ò yọ, òun ló sì jókòó síbí lọ́jọ́ náà tóun di odi. Àlháàjì yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ léèkọ́," ó wí. "Ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ kì í bà mí nínú jẹ́. Èyí tó ń dáhùn pé òun ti ṣe é ni." Wọ́n ti kọ̀wé sí Ìbàdàn. Mubashir ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè yí padà.

Bí Saheed ṣe jáde, Tìrìmísíyù ń dúró dè é létí omi. Saheed fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bàbá náà ní kó dìde.

"O sọ ọ́ níwájú wọn, ó dáa. Kò dá ohun tí ọmọ mi pàdánù padà. Má wá sílé mi mọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí o wá."

"Mo gbọ́, bàbá."

Láti ọjọ́ náà lọ, Saheed ò lọ sílé wọn. Ó tú ìkànnì ẹgbẹ́ palẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yọ àwòrán ọ̀rọ̀ gbogbo, ó kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó wá irú ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ó jókòó nínú òkùnkùn, ó gbìyànjú láti kọ fọ́ọ̀mù tóun fọwọ́ ara òun ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọnù síbẹ̀ fún wákàtí kan. Ó gbé orí lé tábìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tó fi sílẹ̀ láìṣe nínú iṣẹ́ wọn. Òmíràn bú u. Òmíràn ní òun ti fura tipẹ́. Bó ṣe ń gbé fóònù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni ojú ń tì í, ó sì ń tẹ nọ́ńbà èkejì. Nígbà tó bá parí iṣẹ́ kan, ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí kọ̀ǹpútà ti gbó tí ìlà rẹ̀ sì ń fà, láti wò ó bóyá á ṣí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Níbẹ̀ ló ti rí Jamilah lẹ́ẹ̀kan, tó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó kọ́kọ́ dúró, ó ń wò ó. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kéèyàn máa wo ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, olè ni.

"Jamilah, èmi Saheed ni. Mò ń kọjá lọ ni."

"Mo gbọ́," ni Jamilah wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún náà ṣe yí po. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, fóònù Saheed dún. Orúkọ Jamilah ló rí lójú rẹ̀, ó gbé e kíá.

"Bọ́tìnnì kan ló wà níbẹ̀," ni Jamilah wí, láìkí i. "Ọ̀gbẹ́ni Imú pe orúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní fọ́ọ̀mù mi ti lọ. Mo ní kí Àlháàjì wò ó. Ó ní ó ti dé."

"Ó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo torí ẹ̀ pè kọ́ nìyẹn."

Saheed ń gbọ́ igbe àwọn ẹyẹ ọ̀sà lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Kí lo torí ẹ̀ pè?"

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé nǹkan mìíràn tún wà tí o sọ fún mi pé o ti ṣe, tí o kò ṣe?"

Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bó bá ní kò sí. Saheed di fóònù mú. "Ó wà. O bi mí bóyá mo ti sọ nípa rẹ fún màmá mi. Mo ní mo ti sọ. Mi ò sọ ọ́ nígbà náà."

"Kí ló dé?"

"Ojú ń tì mí."

"Torí mi ò ríran."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹn dùn mí ju ti fọ́ọ̀mù lọ," ni Jamilah wí. "Ṣé ó ti wá mọ̀ báyìí?"

"Láti ọdún tó kọjá. Ó ní kí ni èmi fi ojú tèmi ṣe."

Ohùn kan jáde lẹ́nu Jamilah, ẹ̀rín àti ẹkún ti dàpọ̀ nínú rẹ̀. "Màá fẹ́ràn ìyá yẹn." Lẹ́yìn náà ó ní, "Àárò ohùn rẹ ń sọ mí, Saheed. Inú sì ń bí mi síbẹ̀. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ Ìbàdàn ná."

"Lọ. Màá dúró."

Ìgbìmọ̀ yàn án, ó sì lọ. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń pe Saheed, á sọ ohun tó kọ́, Saheed náà á sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé: èyí tó parí, èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn, èyí tí kò mọ̀ bó ṣe máa ṣe. Nígbà tó padà, ó kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jọ sẹ́yìn ọ́fíìsì lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gbẹ́ni Imú sì ní akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ kí Saheed wá sílé.

Tìrìmísíyù ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í léèrè ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀, bàbá. Lákọ̀ọ́kọ́ ó purọ́. Lẹ́ẹ̀kejì ó sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ òótọ́ náà ló sì máa pa á lára jù."

Bàbá náà so okùn kan, ó tú u, ó tún un so. "Kó mú ìyá rẹ̀ wá," ló wí.

Wọ́n so yìgì fún wọn ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ní ọjọ́ Àìkú kan, nínú ọgbà ilé Tìrìmísíyù. Nígbà tí àlùfáà bi Jamilah bóyá ó gbà, ó ní òun gbà, ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà lójú ọ̀nà gbọ́. Àlháàjì Abọ́dúnrìn wà níbẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀. Bí àwọn àgbà náà ṣe ń bọ Saheed lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ṣì ń tì í. Kò gbìyànjú láti lé ìtìjú náà lọ. Ó ti mọ̀ pé ìtìjú wúlò fún ẹni tó bá jẹ́ kó kọ́ òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé Ìgbògbò, sí yàrá méjì tí Saheed gbà nítòsí ilé ìyá rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na apá sí ìyàwó rẹ̀.

"Àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà níwájú wa, Àbẹ̀kẹ́. Ìkẹta ga ju àwọn tó kù lọ. Mo ní kí bíríkìlà wá tún un ṣe, kò tíì wá."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ìkẹta ni?"

"Ó dá mi lójú. Mo di ojú mi láàárọ̀, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́ẹ̀kan, mo ṣubú."

Jamilah dúró. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó wá a kiri títí ó fi rí ibi tó ti bó lẹ́bàá àgbọ̀n, ó gbé ìka lé e jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ kọ́ apá ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì jọ gun àtẹ̀gùn náà lọ.